Igò Omi Tó Ń Padà Sílé Ní Kíkún

Èsì àyẹ̀wò náà dé sí àgọ́ ọlọ́pàá ní agogo mẹ́sàn-án ààbọ̀ òwúrọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ó sì tú ẹjọ́ tí gbogbo ìlú ti dá parí ká. Ìwé pélébé kan ni, ìlà mẹ́ta péré ló wà nínú rẹ̀. Sájẹ́ńtì Tahirah kà á lẹ́ẹ̀mejì, ó rọra gbé e síwájú ọ̀gá rẹ̀, ó sì dúró.

"Òògùn Mùtàlíbù kì í ṣe ayédèrú, sà."

Ọ̀gá Nathaniel, olórí ẹ̀ka ìwádìí, kò wo ìwé náà. Ọsàn ló ń bó. "Ta ló sọ bẹ́ẹ̀?"

"Àwọn tó yẹ̀ ẹ́ wò. Hóró mẹ́wàá la kó lọ fún wọn láti inú kẹ́míìsì rẹ̀ ní Ìlọrà. Mẹ́wẹ̀ẹ̀wá ló pé. Ohun tí wọ́n kọ sára páálí ló wà nínú hóró, kò dín, kò sì lé."

"Kí ló wá pa Ìyá Miracle?"

Ìbéèrè tó yẹ kí wọ́n ti bèèrè láti ọjọ́ mọ́kànlá sẹ́yìn nìyẹn. Ọsàn ni Ìyá Miracle ń tà ní ìsọ̀ èso tó wà lẹ́bàá títì ní Fìdítì. Ìtọ̀ ló kọ́kọ́ ń ta á. Ó lo òògùn, kò gbọ́. Ẹ̀yìn bẹ̀rẹ̀ sí í dùn ún, ibà mú un, ó ń gbọ̀n, ó sì kú kí wọ́n tó gbé e dé ilé ìwòsàn. Wọ́n sin ín. Kò sí ẹni tó ronú láti yẹ ìtọ̀ rẹ̀ wò. Nígbà tó wá di ọjọ́ Àìkú tó kọjá, Hamidah, tó ń ta ọ̀pẹ̀ òyìnbó nínú àtíbàbà kan náà, dùbúlẹ̀ àìsàn kan náà. Kí ọ̀sán tó pọ́n, àwọn ọ̀dọ́ ti fọ́ wíńdò kẹ́míìsì Mùtàlíbù, wọ́n ní òògùn ayédèrú ló ń tà fún àwọn ìyá àwọn. Ọlọ́pàá gbé e wá sí àgọ́ kí wọ́n má baà lù ú pa, láti ìgbà náà ni gbogbo ènìyàn sì ti ń pè é ní apànìyàn.

"Ìlú ń retí orúkọ, Tahirah," ni Ọ̀gá Nathaniel wí.

"Hamidah kò tíì kú, sà. Ohun tí dókítà rẹ̀ ń retí yàtọ̀ sí orúkọ."

Ohùn jẹ́ẹ́jẹ́ ló fi sọ ọ́. Ẹ̀kọ́ nípa kòkòrò àìfojúrí ni Tahirah kà ní yunifásítì, ipò kìíní ló sì fi jáde. Ọdún méjì ló fi kọ lẹ́tà ìwáṣẹ́ sí ibi mọ́kànlélógójì. Ibi mẹ́ta ló dá a lóhùn, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ní kó ṣì máa retí. Iṣẹ́ ọlọ́pàá nìkan ni kò ní kó retí. Láti ìgbà náà ló ti fi kọ́ra pé bí inú bá ṣe ń bí òun tó, bẹ́ẹ̀ ni ohùn òun yóò ṣe máa lọ sílẹ̀ tó, nítorí ó ti rí i pé ẹni tí a bá pariwo mọ́ lè fi ariwo náà ṣe àwáwí, ṣùgbọ́n ẹni tí a bá sọ̀rọ̀ sí jẹ́ẹ́jẹ́ kì í rí ibi sá sí.

*

Ilé ìwòsàn alábẹ́ẹ̀dì mẹ́jọ ni wọ́n tẹ́ Hamidah sí. Dókítà Olúkúnlé bá Tahirah sọ̀rọ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ojú rẹ̀ ti pọ́n nítorí àìsùn.

"Mo ti fi ìtọ̀ rẹ̀ ránṣẹ́ láti àná. Wọn yóò jẹ́ kí kòkòrò inú rẹ̀ hù, wọn yóò sì fi oríṣiríṣi òògùn dán an wò. Ọjọ́bọ̀ ni èsì yóò dé."

"Ṣé ó lè dúró di Ọjọ́bọ̀?"

"Kò lè dúró dè é. Ó ti dé kídìnrín. Òògùn apakòkòrò mẹ́rin ni mo ní níbí. Mo ti bẹ̀rẹ̀ ọ̀kan láti àná, kò mi kòkòrò náà rárá. Ní agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ òní, mo gbọ́dọ̀ pààrọ̀ rẹ̀. Tí mo bá tún yan èyí tí kòkòrò náà ti mọ̀ rí, ọjọ́ tó kù fún un yóò ti tán kí n tó mọ̀ pé mo ṣì í yàn."

"Ẹ kò bi í léèrè ohun tó ti lò tẹ́lẹ̀?"

"Mo bi í. Ó ní òun ò lo nǹkan kan. Irọ́ ló ń pa, sájẹ́ńtì. Ẹ wo ohun tí nọ́ọ̀sì bá ní ìṣẹ́tí ìró rẹ̀."

Ìdá díẹ̀ nínú káàdì òògùn ni. Ojú hóró méjì ló wà lára rẹ̀: ọ̀kan ti ṣófo, ọ̀kan ṣì ní hóró funfun nínú. Ẹ̀gbẹ́ kan rẹ̀ rí gbákugbàku, bí ẹni pé eku ló jẹ ẹ́.

Tahirah yẹ ẹ̀gbẹ́ náà wò. Ó ṣí àpò rẹ̀, ó mú àpòòwé kan jáde, ó sì da ohun tó wà nínú rẹ̀ sí àtẹ́lẹwọ́. Ìdá káàdì òògùn ni òun náà, wọ́n bá a nínú àpò Ìyá Miracle lọ́jọ́ tó kú. Ó fi ẹ̀gbẹ́ ọ̀kan ti ẹ̀gbẹ́ ìkejì. Gbogbo gbákugbàku náà wọ inú ara wọn láìku ibì kan.

"Káàdì kan náà," ni dókítà wí.

"Káàdì kan, obìnrin méjì. Ìmínì ni ọ̀kan ń gbé, Fìdítì níbí ni èkejì. Wọn kì í ṣe ẹbí."

Ó wọlé tọ Hamidah lọ. Ọmọbìnrin náà kò ju ọmọ ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n lọ. Ètè rẹ̀ ti bó, ara rẹ̀ sì gbóná débi pé Tahirah mọ̀ ọ́n lára láìfọwọ́ kàn án.

"Hamidah, ta ló fún ọ ní òògùn yìí?"

"Kò sẹ́nì kan, àǹtí."

"Òògùn kò lè rìn wá bá ọ."

Hamidah yí ojú sí ògiri. "Wọ́n ṣe mí lóore. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí n dárúkọ wọn."

Tahirah jáde. Ẹni tó wà lẹ́nu ikú kì í sábàá fi orúkọ ọ̀tá rẹ̀ pamọ́. Olóore ni òun gbọ́dọ̀ wá, kì í ṣe ọ̀daràn.

*

Nínú àtìmọ́lé, Mùtàlíbù fi ìka gba ìdá káàdì méjèèjì, ó gbé wọn sókè sí ìmọ́lẹ̀ ojú fèrèsé.

"Ọ̀dọ̀ mi ni wọ́n ti rà á, mi ò sẹ́. Ṣùgbọ́n èmi kọ́ ni mo gé e. Sísọ́ọ̀sì ni mo fi ń gé káàdì, ẹnu rẹ̀ máa ń tẹ́ gbọọrọ ni. Ẹ wo èyí. Ọ̀bẹ eléyín ló gé e, bí irú èyí tí wọ́n fi ń gé búrẹ́dì."

"Tàbí èyí tí wọ́n fi ń bó ọ̀pẹ̀ òyìnbó."

Ọkùnrin náà wò ó. "Tàbí èyí, lóòótọ́."

"Ta lẹ ta irú rẹ̀ fún nínú àwọn obìnrin ìsọ̀ èso?"

"Láti oṣù méjì sẹ́yìn? Ìyá Purity nìkan. Káàdì kan gbáko, hóró mẹ́wàá. Mo fi ẹnu ara mi sọ fún un pé kó lo ọ̀kan láàárọ̀, ọ̀kan lálẹ́, fún ọjọ́ márùn-ún, kó má sì dáwọ́ dúró láàárín."

"Ẹ bèèrè ìwé dókítà lọ́wọ́ rẹ̀?"

"Sájẹ́ńtì, kò sí oníkẹ́míìsì tó ń bèèrè rẹ̀."

"Mi ò bi yín nípa àwọn yòókù."

Mùtàlíbù wo ilẹ̀. Tahirah gba ìdá káàdì méjèèjì padà, ó kó wọn sínú àpòòwé. Bó ṣe fẹ́ jáde ni fóònù rẹ̀ dún. Ọ̀gá Nathaniel ni, inú rẹ̀ ń dùn.

"Tahirah! Ọkọ Hamidah! Oko adìyẹ ló ti ń ṣiṣẹ́. Òògùn apakòkòrò ni wọ́n ń fún àwọn adìyẹ yẹn mu bí omi. Òun ló ń jí i wálé fún ìyàwó. Lọ mú un wá."

"Mo máa lọ bá a sọ̀rọ̀, sà."

"Mo ní kí o mú un wá!"

"Mo gbọ́, sà. Mo máa kọ́kọ́ bá a sọ̀rọ̀ ná."

*

Anwar, ọkọ Hamidah, wà lórí bẹ́ǹṣì níwájú ilé ìwòsàn, aṣọ iṣẹ́ rẹ̀ kún fún ìyẹ́ adìyẹ wẹẹrẹ. Igò omi oníke kan wà láàárín ẹsẹ̀ rẹ̀. Tahirah jókòó tì í, ó sì bi í ní ìbéèrè ọ̀gá rẹ̀ bó ṣe rí gan-an.

Anwar kò bínú. Ó dà bí ẹni pé agbára ìbínú ti tán lára rẹ̀. "Ìyẹ̀fun ni òògùn adìyẹ, màdáámù. Inú omi la ń dà á sí. Kì í wà nínú káàdì. Èmi gan-an kì í fọwọ́ kàn án, ọ̀gá wa ló ń pò ó."

Òtítọ́ ni. Hóró funfun tó wà nínú àpòòwé kò bá adìyẹ kankan tan. Ọ̀nà náà ti dí, Tahirah sì fẹ́ dìde, ṣùgbọ́n igò yẹn kò jẹ́ kó dìde. Ọkùnrin náà dì í mú pẹ̀lú ẹsẹ̀ méjèèjì bí ẹni pé wọ́n fẹ́ gbà á lọ́wọ́ rẹ̀.

"Omi ta ni?"

"Tiẹ̀ ni. Láàárọ̀ ọjọ́ gbogbo ni mo máa ń rọ omi kún un fún un kó tó lọ sí ìsọ̀." Ó gbé igò náà sókè. "Tó bá di ìrọ̀lẹ́, bó ṣe gbé e lọ ló ń gbé e bọ̀. Kò ní dín rárá. Mo rò pé ó ń bínú sí mi ni. Mo tilẹ̀ bẹ̀ ẹ́ lọ́jọ́ kan. Mo ní, Hamidah, kí ni mo ṣe tó ò fi lè mu omi tí mo rọ? Ó kàn rẹ́rìn-ín."

"Ṣé ó ń gbààwẹ̀ ni?"

"Àwẹ̀ ti tán tipẹ́."

Tahirah wo oòrùn tó ń ràn lórí ọ̀dà títì. Láti agogo méje òwúrọ̀ títí di mẹ́fà ìrọ̀lẹ́, obìnrin kan ń pariwo ọ̀pẹ̀ òyìnbó fún àwọn onímọ́tò nínú oòrùn yìí, igò omi sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kò sì fẹnu kàn án. Ẹni tí òùngbẹ ń gbẹ tí kò mu omi ní ohun tó ń bẹ̀rù ju òùngbẹ lọ. Ìgbà àkọ́kọ́ láti àárọ̀ nìyí tí ó mọ ohun tí òun fẹ́ lọ wò.

Agogo méjì kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá.

*

"Ẹ wò ó, ọlọ́pàá wa dé! Ẹ bá wa bó ọ̀pẹ̀ òyìnbó kan fún un kíá, kó má baà fi wá rọ́pò Mùtàlíbù."

Ìyá Purity ló sọ̀rọ̀. Òun ni àgbà nínú àwọn mẹ́rìnlá tó ń tajà nínú àtíbàbà náà. Obìnrin sísanra ni, ó ń kọ orin ìjọ Onítẹ̀bọmi lábẹ́ ẹnu, ọ̀bẹ eléyín kan sì wà lọ́wọ́ rẹ̀ tí kì í fi sílẹ̀. Àwọn yòókù rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà kúrú.

"Ẹ káàsán o, màámi. Ẹ kú oòrùn."

"Oòrùn tiwa ni, ọmọ mi. Báwo ni Hamidah?"

"Kò dára, mà. Dókítà ń fẹ́ mọ òògùn tó ti lò."

Obìnrin kan bẹ̀rẹ̀ sí í to ọsàn tó ti tò tẹ́lẹ̀. "Àwa kì í ṣe nọ́ọ̀sì," ni Ìyá Purity wí. "Mùtàlíbù ni kí ẹ bi."

"Mo ti bi í, mà."

Tahirah wo àwọn tábìlì lọ́kọ̀ọ̀kan. Igò omi wà lórí ọ̀pọ̀ nínú wọn. Gbogbo wọn ló kún dé ọrùn. Lẹ́yìn àtíbàbà, níbi tí igbó wà tẹ́lẹ̀, wọ́n ti gé gbogbo rẹ̀, wọ́n ti fi òpó pín ilẹ̀ fún àwọn tó fẹ́ kọ́lé, ẹni tó bá sì lóṣòó síbẹ̀, gbogbo ọkọ̀ tó ń lọ sí Ọ̀yọ́ ni yóò rí i. Ilé kékeré kan péré ló dúró níbẹ̀, wọ́n kùn ún ní funfun, ágádágodo wà lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀.

"Màámi, níbo ni mo ti lè tọ̀?"

Ẹ̀rín bẹ́ sílẹ̀, èyí dénú díẹ̀. "Nílé yín!" ni obìnrin kan wí. "Mú un mọ́ra bíi tiwa."

Tahirah jókòó sórí àpótí, ó fi ọwọ́ méjèèjì tẹ abẹ́ ìdodo, ó sì pa ojú dé. Ohun tó fẹ́ ṣe kò dùn mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n Hamidah ti sọ fún un láìmọ̀ pé olóore ni àwọn obìnrin yìí, olóore kò sì lè fi ọwọ́ rẹ̀ pamọ́ pẹ́ níwájú ẹni tó ń jẹ̀rora.

"Ó ti ń ta mí láti àná," ló wí, ohùn rẹ̀ fẹ́ẹ́rẹ́. "Tí mo bá tọ̀, bí iná ni. Mi ò tíì rí àyè lọ ra nǹkan kan sí i."

"Yéè, ọmọ mi! Pẹ̀lẹ́. Má fi jáfara o, bó ṣe ń bẹ̀rẹ̀ nìyẹn." Ìyá Purity ti fi ọ̀bẹ sílẹ̀. Ó ti bẹ̀rẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ ti wọ abẹ́ òkìtì ọ̀pẹ̀ òyìnbó tó wà lábẹ́ tábìlì, Tahirah sì gbọ́ ìró agolo kí ọwọ́ náà tó dúró gbọnrangandan.

"Ẹ gbé e jáde, màámi," ni Tahirah wí. Ó ti la ojú. "Ẹ forí jì mí. Kò sí ohun tó ń ta mí. Ṣùgbọ́n ẹ gbé e jáde, nítorí agogo méjì ààbọ̀ ti kọjá."

Agolo bisikíìtì ńlá ni. Àwòrán àwọn ọmọ funfun méjì tó ń jẹ bisikíìtì ti pa rẹ́ lára rẹ̀. Nígbà tí Ìyá Purity ṣí i, ìdajì káàdì òògùn ló kún inú rẹ̀ bí èèpo ẹ̀pà, gbogbo wọn ni ọ̀bẹ eléyín ti gé.

"Ọdún mẹ́ta ni," ni Ìyá Purity wí. Kò wo ojú ẹnikẹ́ni. "Kò sí ẹni tí nǹkan yìí kì í ṣe nínú wa. Ẹni tó bá ra òògùn, tó bá lo tiẹ̀ tí ara rẹ̀ yá, á fi èyí tó kù síbí fún ẹni tó ń bọ̀. Ọjọ́ kejì ni ara mi yá. Hóró mẹ́fà kù lọ́wọ́ mi, Ìyá Miracle ń sunkún níwájú mi, Hamidah ń sunkún lẹ́yìn mi. Ṣé kí n wá dá a jẹ tán ni? Mo gé e fún wọn. Ẹ̀rí ọkàn mi dùn lọ́jọ́ náà." Ó ti agolo náà sọ́dọ̀ Tahirah. "Nígbà tí Ìyá Miracle kú, mo ní kí wọ́n búra pé a ò ní sọ. Mo rò pé èmi ni mo pa á. Ṣé èmi ni?"

Tahirah gba agolo náà. Ó ń ṣa àwọn ìdá káàdì náà, ó ń kà wọ́n sọ́tọ̀ọ̀tọ̀ lórí tábìlì bí ẹni ń to káàdì ayò. Ó pe dókítà.

"Oríṣi mẹ́ta ló wà níbẹ̀: amọ́kísílìn, síprò, sẹ́fúrọ́sìm. Ìgbà mélòó ni Hamidah ti mú nínú agolo yìí lọ́dún yìí, màámi?"

"Á tó ẹ̀ẹ̀mẹ́fà. Kò sí oríṣi tí kò tíì mú níbẹ̀, kì í sì í ju hóró méjì tàbí mẹ́ta lọ."

"Ẹ̀ẹ̀mẹ́fà, dókítà. Kò sí ìgbà kankan tó pé ọjọ́ mẹ́ta. Gbogbo oríṣi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló ti lò."

Ó gbọ́ tí dókítà mí kanlẹ̀. "Amọ́kísílìn ni mo fún un lánàá. Síprò ni mo fẹ́ fún un lónìí. Ó wà lọ́wọ́ mi báyìí."

"Kí ló kù lọ́dọ̀ yín?"

"Àmíkásìnì. Abẹ́rẹ́ nìkan ni wọ́n ń fi í gún. Ó lè ba kídìnrín jẹ́, ìdí nìyẹn tí mo fi gbé e sẹ́yìn."

"Ẹnikẹ́ni ò lè gé abẹ́rẹ́ sí méjì, kó fi ìdajì sínú agolo."

"Ẹ ṣeun, sájẹ́ńtì," ni dókítà wí. "Mi ò ní dúró di agogo mẹ́rin."

*

Nígbà tó fi fóònù sílẹ̀, àwọn obìnrin náà ti yí i ká. Ìyá Purity ṣì ń retí ìdáhùn.

"Màámi, ẹ ní oko ọ̀pẹ̀ òyìnbó."

"Mo ní."

"Tí ẹ bá gba alágbàṣe tó yẹ kó fi ọjọ́ márùn-ún roko yín, tí ẹ lé e lọ lọ́jọ́ kejì, koríko wo ló máa ti gé?"

"Èyí tó rọ̀ ni."

"Èwo ló máa kù?"

"Ẹ̀kan."

"Tí òjò bá wá rọ̀ ńkọ́?"

Obìnrin tó ń to ọsàn ló bá a dáhùn. "Ẹ̀kan ló máa gba gbogbo oko."

"Bó ṣe rí nìyẹn. Lọ́jọ́ kejì, kòkòrò tó rọ̀ ti kú, ara sì yá. Èyí tó le ló ṣẹ́kù, kò sì ní alábàágbé mọ́, ó ń bímọ. Ẹ gba ọkọ́ lórí oko tí ẹ kò tíì ro tán, ẹ gbé e fún oko kejì, ẹ kò sì ro oko kejì náà tán. Ọdún mẹ́ta. Ohun tó wà nínú Hamidah báyìí, ẹ̀kan nìkan ni. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin kọ́ lẹ pa Ìyá Miracle, màámi. Ẹ ṣì mí gbọ́ tí ẹ bá rò pé mo wá mú yín. Mo fẹ́ mọ ìdí tí obìnrin mẹ́rìnlá fi ń ṣàìsàn ìtọ̀ fún ọdún mẹ́ta. Ta ló ní kọ́kọ́rọ́ ilé funfun yẹn?"

*

Díákónì Nehemiah, alága ìsọ̀ èso, gbà á lálejò pẹ̀lú ẹ̀rín. Ọkùnrin àádọ́rin ọdún, bàtà rẹ̀ ń dán. Wọ́n jọ rìn lọ sí iwájú ilé funfun náà. Lókè ẹnu ọ̀nà, aṣọ kan bo òkúta màbù. Aṣọ búlúù ni tẹ́lẹ̀, oòrùn ti sọ ọ́ di eérú.

"Ilé ìgbọ̀nsẹ̀ àwọn obìnrin ni, sà?"

"Òun ni. Àwọn fúnra wọn ló ru bíríkì rẹ̀. Iṣẹ́ tó dára gan-an ni."

"Ọdún wo ló parí?"

"Yóò tó ọdún méjì àbọ̀. Ṣùgbọ́n a ò tíì ṣí i. A ti kọ̀wé sí èèyàn ńlá kan ní Ìbàdàn pé kó wá ṣí i fún wa. Ó máa wá. Orúkọ rẹ̀ ti wà lórí òkúta. A ò lè jẹ́ kí wọ́n sọ ọ́ di ìdọ̀tí kó tó dé, ìtìjú ni yóò jẹ́."

"Ẹnikẹ́ni ò tíì wọ ibẹ̀?"

"Kò sẹ́nì kankan."

Tahirah fi ìka kan ágádágodo. "Òjò ọdún méjì àbọ̀ ti rọ̀ sórí rẹ̀, sà, kò dípẹtà. Epo tútù wà lójú ihò rẹ̀. Iyanrìn yìí ní ipa bàtà lọ, ó ní ipa bàtà bọ̀, bàtà ẹnì kan ṣoṣo sì ni. Ìsàlẹ̀ bàtà náà ní àwòrán òdòdó mẹ́jọ." Kò wo ẹsẹ̀ ọkùnrin náà. Kò nílò rẹ̀. "Òórùn ọṣẹ ń jáde láti abẹ́ ilẹ̀kùn."

Ẹ̀rín Díákónì kúrò díẹ̀díẹ̀. Ó wo ẹ̀yìn bóyá àwọn obìnrin ń gbọ́. Wọ́n ń gbọ́.

"Ọmọ mi," ló wí ní ohùn kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, "àgbà ni mí. Ṣúgà wà nínú ẹ̀jẹ̀ mi. Mi ò lè máa mú ìtọ̀ mọ́ra."

"Mo gbà bẹ́ẹ̀, sà. Àwọn náà kò lè máa mú un mọ́ra."

Ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí Díákónì fi ní láti tẹ̀ síwájú kó tó gbọ́ ọ.

"Wọn kì í mu omi, nítorí ẹni tó bá mu omi yóò tọ̀. Èyí tí wọ́n bá sì ní lára, láti òwúrọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n fi ń dì í mú. Ìtọ̀ tó bá dúró pẹ́ bẹ́ẹ̀ nínú èèyàn, ilé kòkòrò ni. Àìsàn dé, wọ́n wá òògùn. Òògùn kò tó, wọ́n pín in. Ọ̀kan ti kú. Èkejì wà lórí ibùsùn. Mo ti wá gbogbo ìwé òfin inú orí mi láti ẹ̀ẹ̀kan, sà, mi ò rí ọ̀kan tí mo lè fi mú yín. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún mi ní kọ́kọ́rọ́."

Ọwọ́ Díákónì Nehemiah pẹ́ nínú àpò rẹ̀. Nígbà tó jáde, Tahirah kò gba kọ́kọ́rọ́ náà. Ó yà sẹ́gbẹ̀ẹ́, Ìyá Purity sì na ọwọ́ tí omi ọ̀pẹ̀ òyìnbó ti gbẹ mọ́, ó gbà á.

*

Ní Ọjọ́bọ̀, èsì dé: gbogbo òògùn inú agolo ni kòkòrò náà là já. Abẹ́rẹ́ nìkan ló pa á. Ibà Hamidah ti rọlẹ̀ láti òwúrọ̀ Ọjọ́rú. Wọ́n ti tú Mùtàlíbù sílẹ̀; gíláàsì tuntun wà lójú wíńdò kẹ́míìsì rẹ̀, ìwé kan tí ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ sì wà lára gíláàsì náà: *Ẹ mú ìwé dókítà dání. A kì í gé káàdì níbí mọ́.*

Ọ̀gá Nathaniel ṣí fáìlì ẹjọ́ náà. Ojú ibi tí ó yẹ kí orúkọ afurasí wà ṣì ṣófo.

"Kí ni kí n kọ síbí?"

"Ẹ kọ òkúta màbù, sà."

Ó wò ó bóyá ó ń ṣe àwàdà. Kò rí ẹ̀rín kankan. Ó pa fáìlì náà dé láìkọ nǹkan kan.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ọ̀kadà kan dúró níwájú àgọ́ nírọ̀lẹ́. Anwar ni, ìyẹ́ adìyẹ ṣì wà lára aṣọ rẹ̀. Hamidah jókòó sẹ́yìn rẹ̀, ó ti gbẹ, ṣùgbọ́n ó jókòó ṣinṣin. Ó ń sọ fún Tahirah pé agolo bisikíìtì ṣì wà lábẹ́ òkìtì ọ̀pẹ̀ òyìnbó, pé kọ́kọ́rọ́ nìkan ló wà nínú rẹ̀ báyìí, ẹni tó bá sì lò ó tán á dá a padà fún ẹni tó ń bọ̀.

Anwar kò dá sí ọ̀rọ̀ náà. Ó kàn mú igò Hamidah láti inú àpò rẹ̀, ó ṣí ìdérí rẹ̀, ó dorí rẹ̀ kodò sí iyanrìn níwájú sájẹ́ńtì. Omi kan kò kán jáde.